Ẹ fi Kuribayashi sílẹ̀, àwọn tó ni Carp ni kẹ́ ẹ bi

Géèmù 25 ni Hiroshima Toyo Carp gbá lóṣù Kẹsàn-án ọdún 2024. 5 péré ni wọ́n ti jáwé olúborí, wọ́n fìdí rẹmi nínú 20 tó kù. Ẹ má sì gbàgbé o, nígbà tí oṣù yẹn ń bẹ̀rẹ̀, àwọn gan-an ni wọ́n wà lókè tábìlì líìgì baseball wọn ní Japan. Nígbà tí sáà fi máa parí, wọ́n ti bá ara wọn ní ipò kẹrin: wọ́n borí nínú géèmù 68, wọ́n pàdánù 70, wọ́n ta ọ̀mì 5. Ẹgbẹ́ tó ń lé ife ẹ̀yẹ lóṣù Kẹjọ ló wá pàdánù ju iye tó borí lọ.

Látìgbà náà, tí ọ̀rọ̀ yìí bá ti délẹ̀ báyìí, orúkọ méjì làwọn èèyàn máa ń kọ́kọ́ dá. Àkọ́kọ́ ni Ryoji Kuribayashi, ẹni tó ń jubọ́ọ̀lù gbẹ̀yìn fún wọn lọ́dún 2024. Èkejì ni Takahiro Arai, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn. Wọ́n ní ẹni àkọ́kọ́ ò láyà, wọ́n ní ẹnì kejì ò mọ ọgbọ́n eré. Èmi ò gbà. Ẹ̀bi tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ò sí lọ́rùn ẹnikẹ́ni tó wà lórí pápá. Inú ọ́fíìsì ló wà.

Ẹ̀yin tẹ́ ò kì í wo baseball, ẹ má sá o, ohun tẹ́ ẹ nílò láti mọ̀ ò pọ̀. Ẹnì kan ń jubọ́ọ̀lù, ẹnì kan láti ẹgbẹ́ kejì dúró dè é pẹ̀lú igi lọ́wọ́. Tó bá gbá a dáadáa, á sáré láti ibùdó kan sí ìkejì, tó bá ti yí ibùdó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin po tó padà délé, àmì ayò kan nìyẹn. Tí bọ́ọ̀lù bá fò kọjá ọgbà, home run nìyẹn, á kàn máa rọra sáré yíká bí ọba ni. Ìpele 9 ló wà nínú géèmù kan, nínú ìpele kọ̀ọ̀kan, ó dìgbà tí wọ́n bá mú èèyàn 3 jáde kí ẹgbẹ́ kejì tó gba igi. Ní Japan, ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ géèmù pẹ̀lú bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ kì í sábà jáde ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́sẹ̀, torí pé apá èèyàn kì í ṣe irin. Ẹgbẹ́ 6 ló wà nínú Central League tí Carp wà, géèmù 143 ni kálukú ń gbá lọ́dún. Àwọn 3 tó bá ṣáájú ló ń tẹ̀ síwájú lọ sí ìdíje àṣekágbá. Ẹni tó bá ṣe ipò kẹrin, kó lọ sinmi nílé.

Carp yìí náà wá kì í ṣe ẹgbẹ́ kan ṣá. Ní Japan, ilé iṣẹ́ ńláńlá ló sábà máa ń ni ẹgbẹ́ baseball. Ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn Yomiuri ló ni Giants ti Tokyo, ilé iṣẹ́ rélùwéè ló wà lẹ́yìn Hanshin Tigers, SoftBank onífóònù ló ni Hawks. Carp ò ní irú bàbá ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọdún 1945 ni Amẹ́ríkà ju bọ́ǹbù átọ́míìkì sí Hiroshima. Ní 1950, ìlú tó ṣì ń kó eérú kúrò nílẹ̀ ti ní ẹgbẹ́ tó ń gbá nínú líìgì àwọn tó ń gbowó oṣù. Ṣùgbọ́n owó oṣù ọ̀hún gan-an ni ò sí. Lọ́dún 1951 tí ẹgbẹ́ náà fẹ́ túká, wọ́n gbé àgbá ọtí ìrẹsì sí ẹnu ọ̀nà pápá, ẹni tó bá ń wọlé á ju ohun tí agbára ẹ̀ bá ká sínú ẹ̀. Owó inú àgbá yẹn wà lára ohun tí ò jẹ́ kí Carp kú. Wọ́n dúró títí di 1975 kí wọ́n tó gba ife líìgì fún ìgbà àkọ́kọ́, ọdún yẹn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dé fìlà pupa. Ẹ lọ wo fídíò géèmù ní Hiroshima lónìí, àfi bíi pé wọ́n da epo pupa sórí gbogbo àga pápá.

Japan Series, tó jẹ́ ife tó ga jù lọ́hùn-ún, ìgbà mẹ́ta ni wọ́n ti gbà á: 1979, 1980 àti 1984. Láti 1984 yẹn, òfo ni. Nínú gbogbo ẹgbẹ́ 12 tó wà ní Japan, kò sí èyí tó ti pẹ́ tó wọn láìfojú kan ife yẹn. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún náà ti pé 40 ní 2024. Wọ́n dé ibẹ̀ ní 2016, àmọ́ Nippon-Ham Fighters lù wọ́n. Ẹgbẹ́ tí Shohei Ohtani tí gbogbo yín mọ̀ yìí wà nígbà yẹn ni. Wọ́n tún dé ibẹ̀ ní 2018, SoftBank lù wọ́n. Ẹ wá fojú inú wo ohun tí wíwà lókè tábìlì lóṣù Kẹsàn-án túmọ̀ sí fún irú àwọn èèyàn báyìí.

Ọjọ́ 11 oṣù yẹn ni gbogbo ayé ń rántí. Giants wá sí Mazda Stadium ní Hiroshima, ipò kìn-ín-ní ni ẹgbẹ́ méjèèjì ń dù. Carp ń fi 2 sí 0 ṣíwájú títí wọ ìpele kẹsàn-án, tó jẹ́ ìkẹyìn. Ni wọ́n bá gbé Kuribayashi jáde. Iṣẹ́ ẹ̀ nìyẹn, tó bá ti ku díẹ̀ kí géèmù parí, òun ló ń ti ilẹ̀kùn. Ìgbà 38 ló ti ilẹ̀kùn ọ̀hún pa lọ́dún náà láìsí wàhálà. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kọ́kọ́rọ́ ò wọlé. Kò rí ẹyọ ẹnì kan mú jáde kí wọ́n tó yọ ọ́ kúrò, àmì ayò 6 ni wọ́n kọ sí i lọ́rùn. Kí ìpele náà tó parí, Giants ti jẹ 9. Géèmù tó wà ní 2 sí 0 parí sí 9 sí 2. Ẹni tó bá dìde lọ ra omi á rò pé pápá mìíràn lòun ṣìnà wọ̀. Géèmù mẹ́ta ni wọ́n gbá lọ́sẹ̀ yẹn, Giants kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ.

(Ẹni tó bá ń bi mí pé kí ló kàn wá nínú ẹ̀: Louis Okoye wà nínú ikọ̀ Giants ọdún yẹn. Ọmọ Nàìjíríà ni bàbá ẹ̀. Àbúrò ẹ̀ obìnrin, Monica, wà lára àwọn obìnrin Japan tó gba fàdákà nínú bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ní Olympics Tokyo. Orúkọ wa wà níbẹ̀, ẹ fọkàn balẹ̀.)

Mo mọ̀ pé ó rọrùn láti di gbogbo ẹ̀ ru Kuribayashi. Fídíò ẹ̀ wà níta, ojú ẹ̀ hàn nínú ẹ̀, ìrora ẹ̀ hàn. Àmọ́ ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn, ìgbà tí ẹgbẹ́ ẹ̀ bá ń ṣíwájú ni wọ́n ń pè é. Ẹgbẹ́ tó pàdánù géèmù 20 nínú 25, ìgbà mélòó ló máa ń ṣíwájú ná? Ilé tí ò sí nǹkan kan nínú ẹ̀, ta ló ń wá ẹni tó máa ti ilẹ̀kùn ẹ̀? Géèmù kan ni alẹ́ ọjọ́ 11 yẹn. 19 tó kù ńkọ́?

Àwọn mìíràn ní ọ̀rọ̀ náà ju ẹnì kan lọ, wọ́n ní àìláyà ni, pé Carp ni, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Wọ́n á wá fa 1996 yọ. Lóòótọ́, lóṣù Keje ọdún 1996, Carp fi géèmù 11 àti ààbọ̀ ṣíwájú Giants, Giants sì lé wọn bá, wọ́n kọjá lára wọn, wọ́n gba ife. Shigeo Nagashima tó jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá Giants nígbà yẹn ti ní àwọn máa ṣe “Make Drama”, gbólóhùn yẹn sì gbòde kan débi pé wọ́n fún un lámì ẹ̀yẹ ọ̀rọ̀ tó gbajúmọ̀ jù lọ́dún náà. Ó ṣì ń dun àwọn àgbà Hiroshima di báyìí. Àmọ́ ẹ wo àwọn tó wà nínú Carp ọdún 1996: Akira Eto, Tomonori Maeda, Tomoaki Kanemoto, Luis Lopez. Àwọn tó lè fi igi fọ́ géèmù sí wẹ́wẹ́ ni gbogbo wọn. Eto fara pa nígbà tí ọ̀rọ̀ ti wọ ojú ọgbẹ́. Àìsàn ti ọdún yẹn yàtọ̀ pátápátá sí ti 2024. Kí wọ́n má kàn kó méjèèjì sínú àpò kan náà kí wọ́n wá kọ “ojo” sí i lára.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an. Nínú jíjubọ́ọ̀lù, àwọn ọmọ Carp ò kẹ̀rẹ̀ rárá lọ́dún 2024. Daichi Osera jù ú fún odindi ìpele 9 sí Chiba Lotte Marines lọ́jọ́ 7 oṣù Kẹfà, kò sí ẹyọ ọmọ Marines kan tó rí bọ́ọ̀lù ẹ̀ gbá débi tó nítumọ̀. Irú ẹ̀ kì í ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́. Tí wọ́n bá pín gbogbo àmì ayò tí wọ́n jẹ lórí Osera lọ́dún náà sí ìpele mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án, 1.86 ló ń jẹ́. Ìyẹn ni pé tó bá gbá géèmù kan látòkè délẹ̀, àwọn alátakò kì í rí tó àmì ayò 2 jẹ lórí ẹ̀. Ó yẹ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ borí nínú géèmù 12, 13, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Osera borí 6, ó sì pàdánù 6.

Ẹ tún un kà. Ọkùnrin tí wọn ò rí àmì ayò 2 jẹ lórí ẹ̀ ló pàdánù iye tó borí.

Níbo wá làwọn onígi wà? (Orúkọ tí mo fún àwọn tó ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù nìyẹn, ẹ bá mi lò ó bẹ́ẹ̀.) Home run 52 ni gbogbo ẹgbẹ́ Carp gbá láàrin géèmù 143. Nínú ẹgbẹ́ 12, kò sí èyí tí tiẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀. Munetaka Murakami ti Yakult Swallows, òun nìkan, ó gbá 33. Nínú ìtò àwọn onígi, ipò kẹrin ni gbogbo ẹgbẹ́ máa ń fi ẹni tó lágbára jù sí, torí pé tó bá máa kàn án, àwọn èèyàn á ti wà ní ibùdó tó máa gbá wọlé. Lọ́dún yẹn, Kaito Kozono ni Carp ń fi síbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ọmọ yẹn mọ iṣẹ́, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ní 2025, òun ló mókè nínú àwọn tó ń rí bọ́ọ̀lù gbá déédéé jù ní Central League. Ṣùgbọ́n home run 2 ló gbá lódindi ọdún 2024. Kì í ṣe ẹ̀bi ẹ̀. Ọ̀kadà dára, ó yá, ó mọ kọ̀rọ̀ àdúgbò, àmọ́ ta ló ń fi ọ̀kadà ru àpò sìmẹ́ńtì ọgọ́rùn-ún?

Ibi tó yẹ ká dúró sí dáadáa rèé, torí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń fò ó. Tí ẹgbẹ́ kan bá ń fi àmì ayò 6 ṣíwájú ní ìpele keje, akọ́nimọ̀ọ́gbá lè fún àwọn ajubọ́ọ̀lù tó dáa jù nísinmi. Á gbé ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ jáde, kódà tí wọ́n bá jẹ àmì ayò 2 lórí ọmọ náà, kò sí wàhálà. Ó mú kí apá àwọn àgbà sinmi, ó sì fún ọmọ náà ní ìrírí. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé 2 sí 1 lẹ máa ń ṣíwájú lálaalẹ́, ẹ ò lè dán irú ẹ̀ wò. Àwọn tó dáa jù nìkan lẹ lè gbé jáde, lónìí, lọ́la, lọ́tùnla. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ géèmù náà ò gbọdọ̀ ṣàṣìṣe kankan. Bọ́ọ̀lù kan tó bá yọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ ní ìpele karùn-ún, géèmù ti lọ nìyẹn, torí ó mọ̀ pé àwọn onígi òun ò ní bá òun dá a padà. Kò sí bọ́ọ̀lù kan tó máa fi ìrọ̀rùn jù. Gbogbo ẹ̀ ló máa fi agbára jù. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ láti oṣù Kẹrin, ẹ gbé e wọ oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ, nígbà tí ooru Japan ń mú bí ẹni wà nínú ìkòkò, nínú pápá tí ò ní òrùlé. (Giants ní Tokyo Dome, abẹ́ òrùlé ni wọ́n ti ń gbá tiwọn nílé.) Oṣù wo lẹ rò pé apá máa kọ̀?

Torí náà, tí àwọn èèyàn bá ń bi mí pé báwo ni ẹgbẹ́ tó wà lókè lóṣù Kẹjọ ṣe di yẹpẹrẹ lóṣù Kẹsàn-án, ohun tí mo máa ń sọ ni pé àwìn ni wọ́n fi ra ipò kìn-ín-ní yẹn. Apá Osera, apá Hiroki Tokoda, apá Masato Morishita àti ti Allen Kuri ni wọ́n fi dúró. Oṣù Kẹsàn-án ni olówó wá gba owó ẹ̀.

Ta ló jẹ àwìn ọ̀hún? Àwọn tó ni ẹgbẹ́.

Kí sáà 2024 tó bẹ̀rẹ̀, onígi méjì láti Amẹ́ríkà ni Carp gbé wá pé kí wọ́n máa gbá home run: Matt Reynolds àti Jake Scheiner. Reynolds gbá géèmù 2, ó fara pa, ó parí. Scheiner gbá 12, òun náà fara pa. Géèmù 14 ni àròpọ̀ àwọn méjèèjì. Ẹ ò lè bínú sí ìpalára, ó lè ṣe ẹnikẹ́ni. Àmọ́ ìgbà ìrúwé ni gbogbo èyí ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ 31 oṣù Keje ni ọjọ́ tó gbẹ̀yìn tí ẹgbẹ́ lè fi orúkọ agbábọ́ọ̀lù tuntun sílẹ̀ ní Japan. Oṣù mélòó nìyẹn? Ó pọ̀ tó láti wá onígi kan, ẹyọ kan péré.

Àwọn mìíràn ò sùn. Giants gbé Elier Hernandez wá lóṣù Karùn-ún, ó sì ń gbá bọ́ọ̀lù bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè. Nígbà tóun náà fara pa lóṣù Kẹjọ, wọ́n ti gbé Coco Montes wálé sílẹ̀. Yokohama DeNA BayStars lọ mú Mike Ford lóṣù Keje. Carp ńkọ́? Wọ́n wà lókè tábìlì, wọ́n káwọ́ gbera. Gbogbo ayé ló ń rí i pé àwọn onígi wọn ò lágbára, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn ń fi ohun tó wà nílẹ̀ ṣe é, títí ọjọ́ 31 oṣù Keje fi kọjá lọ.

Tí wọ́n bá ní owó ò sí, mo máa ní kí wọ́n rọra. Èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 2 ló ra tíkẹ́ẹ̀tì wọ Mazda Stadium lọ́dún 2024. Aṣọ pupa ń tà, fìlà ń tà, oúnjẹ inú pápá ń tà. Ẹgbẹ́ tí ìdílé Matsuda ń darí yìí ti fi ọ̀pọ̀ ọdún jẹ́ ẹgbẹ́ tó ń jèrè. Wọn ò sí lára àwọn tó lówó jù, mo gbà, wọn ò lè bá SoftBank na owó. Àmọ́ iye tí Ford máa gbà fún oṣù mẹ́ta ò lè sọ wọ́n di alágbe.

Ọ̀rọ̀ yìí sì ti pẹ́. Ní Japan, tí agbábọ́ọ̀lù bá ti lo iye ọdún kan, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti lọ sí ẹgbẹ́ tó bá wù ú. Carp ò tíì fi ọ̀nà yẹn ra ẹnikẹ́ni rí láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ mìíràn. Ẹyọ kan ò sí. Àwọn ẹgbẹ́ tó kù ló ń fi ọ̀nà yẹn kó ọmọ wọn lọ. Eto lọ sí Giants. Kanemoto lọ sí Hanshin. Yoshihiro Maru, ẹni tí wọ́n dìbò fún pé ó mókè jù ní Central League ní 2017 àti 2018 pẹ̀lú aṣọ Carp lọ́rùn, lọ sí Giants. Ryoma Nishikawa lọ sí Orix Buffaloes lẹ́yìn sáà 2023, ó ku oṣù díẹ̀ kí sáà tí à ń sọ yìí bẹ̀rẹ̀. Seiya Suzuki ní tiẹ̀ ti lọ sí Chicago Cubs láti 2022. Ẹ kó gbogbo wọn jọ, ẹ wò ó bóyá home run 52 ni wọ́n máa gbá. Maru wà lára àwọn tó gba ife líìgì pẹ̀lú Giants ní 2024 yẹn o. Ọmọ tí Hiroshima tọ́ dàgbà ló wà níbi tí wọ́n ti ń ṣe àríyá.

Arai fúnra ẹ̀ mọ ọ̀nà yẹn. Ọmọ Hiroshima ni, Carp ló ti bẹ̀rẹ̀, ó fẹsẹ̀ fẹ lọ sí Hanshin lẹ́yìn sáà 2007, ó sunkún lójú gbogbo ayé níbi tó ti ń kéde ẹ̀. Ó padà wálé ní 2015, inú àwọn èèyàn dùn sí i, ó sì gba ife líìgì pẹ̀lú wọn. Nígbà tó di akọ́nimọ̀ọ́gbá, ó ní ìdílé ni ẹgbẹ́ òun, kò sì sí ìgbà tí nǹkan le tó ju ẹ̀bi sí àwọn ọmọ ẹ̀ lọ́rùn níta. Mo fẹ́ràn ìyẹn lára ẹ̀. Ṣé ó ṣe gbogbo ẹ̀ dáadáa? Rárá. Nígbà tí iná ti ń jó, ojú kan náà la ṣì ń rí lórí pápá, ó yẹ kó ti gbìyànjú ọmọdé díẹ̀ sí i ṣáájú àkókò yẹn. Àmọ́ ìyàwó tí wọn ò fún lówó ọjà, tó wá se ọbẹ̀ tí ò lẹ́ran, ẹ ò lè jókòó sídìí tábìlì kẹ́ ẹ máa bú u nìkan.

Mo mọ ohun tí àwọn tó fẹ́ràn àwọn Matsuda máa sọ. Wọ́n á ní àìfowó ṣòfò ló jẹ́ kí Carp wà títí dòní, wọ́n á ní àwọn ọmọ tí wọ́n fọwọ́ ara wọn tọ́ ni wọ́n fi gba ife líìgì lẹ́ẹ̀mẹ́ta léra, 2016, 2017, 2018. Òótọ́ ni, mi ò sì fẹ́ fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣeré. Ó dùn mọ́ mi pé ẹgbẹ́ kan ṣì wà tí ò jẹ́ pé gbogbo ẹni tó bá ti yọ orí ló máa fi owó rà. Ẹgbẹ́ ọdún wọ̀nyẹn dùn ún wò. Àmọ́ àwọn onígi ńláńlá ló kún inú ẹgbẹ́ ọ̀hún, Suzuki àti Maru wà níbẹ̀ papọ̀. Kò sí ẹni tó ní kí wọ́n ra odindi ẹgbẹ́. Ẹni kan ni wọ́n nílò, fún oṣù mẹ́ta.

Ohun tó sì ń bí mi nínú jù nípa àgbá ọtí 1951 tí wọ́n máa ń fi ṣàpèjúwe ìṣọ́wóná wọn ni pé òdìkejì ohun tí wọ́n ń sọ ni ìtàn yẹn ń sọ. Àwọn èèyàn tí bọ́ǹbù jó ilé wọn, tí wọn ò ní oúnjẹ tó tó jẹ, ló na ọwọ́ sápò kí ẹgbẹ́ wọn lè gbá géèmù. Wọ́n ná ohun tí wọn ò ní. Àwọn tó jókòó sí ọ́fíìsì lónìí ní i, wọn ò ná an.

Ẹni tó bá sì rò pé mo ń sọ àsọdùn, kó wo tábìlì. DeNA tó lọ mú Ford ṣe ipò kẹta: wọ́n borí 71, wọ́n pàdánù 69, wọ́n ta ọ̀mì 3. Géèmù 2 ló wà láàrin wọn àti Carp. 2 péré! Nínú 20 tí Carp pàdánù lóṣù Kẹsàn-án, tí onígi kan tó lágbára bá yí mélòó kan padà fún wọn, àwọn ni wọn ì bá lọ sí àṣekágbá. Ẹ sì mọ ohun tí DeNA fi ipò kẹta yẹn ṣe? Wọ́n lu Hanshin, wọ́n lu Giants, wọ́n lọ bá SoftBank nínú Japan Series, wọ́n nà wọ́n 4 sí 2. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa gba ife yẹn láti 1998 nìyẹn. Nígbà tí wọ́n ń ju akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn sókè ní Yokohama, ìlú Hiroshima tó ti ń retí láti 1984 ń wò wọ́n lórí tẹlifíṣọ̀n.

Lẹ́yìn gbogbo ẹ̀, Carp gbé onígi méjì tuntun wá fún 2025, Sandro Fabian àti Elehuris Montero. Ó dáa, wọ́n gbé e wá. Àmọ́ lásìkò kan náà ni Kuri, ọ̀kan lára àwọn ajubọ́ọ̀lù mẹ́rin tó gbé wọn dé òkè tábìlì, lo ẹ̀tọ́ ẹ̀, ó sì bá Nishikawa lọ sí Orix. Carp ò ra ẹnikẹ́ni láti fi rọ́pò ẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ mìíràn, gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Ipò karùn-ún ni wọ́n fi parí sáà 2025.